Huang Hua, Ikọ̀ Ilẹ̀ Ṣáínà: Iṣẹ́ Ẹrú tí a Fi Tọmọ Jẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ." Láti ìgbà láéláé ni àwọn ọba ilẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ pé ogun nìkan kọ́ ni ó ń mú ìlú dúró. Aláàfin ní àwọn ìlàrí rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń fá apá kan orí wọn, tí wọ́n sì ń gbé ọ̀rọ̀ ọba lọ sí gbogbo ìlú tí ń bẹ lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìlàrí bá sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹnu ọba ni ó jẹ́. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ó gbà sọ ọ́, sùúrù tí ó ní, àti ojú tí ó fi wo ará ìlú tí a rán an sí, àwọn ni wọ́n máa ń pinnu bóyá obì ni yóò ti inú àpò jáde tàbí ọfà ni yóò ti inú apó jáde.

Láti 1949 títí di 1971, orílẹ̀-èdè ńlá kan wà tí ọ̀pọ̀ ìjọba ayé ti ilẹ̀kùn mọ́. Orílẹ̀-èdè náà ni Ṣáínà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn náà ń padé lọ. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó tún wà níbẹ̀ nígbà tí ó ṣí. Orúkọ rẹ̀ ni Huang Hua. Láàrin ìgbà méjèèjì yìí ni ó gbé ní Accra, olú-ìlú Gánà, fún ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀, nítorí náà ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn fún àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

A bí i ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1913, ní Cixian, ní ìgbèríko Hebei ní ìhà àríwá ilẹ̀ Ṣáínà. Wang Rumei ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ṣáínà ìgbà náà jẹ́ ilé tí àjà rẹ̀ ń jò: ìjọba àwọn ọba àtayébáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ wó lulẹ̀ ni, àwọn balógun ń fa ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, nígbà tí ó sì di 1931, àwọn ọmọ ogun Japan gba gbogbo ìhà àríwá-ìlà-oòrùn tí à ń pè ní Manchuria. Ní ọdún kejì rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọ Yunifásítì Yenching ní Beijing, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn oníwàásù ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀ ni John Leighton Stuart, òyìnbó Amẹ́ríkà tí a bí sí ìlú Hangzhou ní Ṣáínà gan-an ní 1876, tí ó sì gbọ́ èdè Ṣáínà bí ẹni tí a fi omi ibẹ̀ wẹ̀ fún. Ní Yenching ni Wang Rumei ti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó di irinṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ayé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá 1935, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Beijing tú jáde sí ìgboro láti kọ̀ fún Japan. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ni Wang Rumei jẹ́. Ní ọdún 1936 ni ó wọ inú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, tí ó sì pa orúkọ àbísọ rẹ̀ tì, tí ó di Huang Hua. Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti Huang Hua, ìlú tí ogun dé bá ni ó wò kí ó tó sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ní ọdún yìí kan náà ni akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà kan, Edgar Snow, gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lọ sí Shaanxi láti fi ojú ara rẹ̀ rí Mao Zedong àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ìjọba Chiang Kai-shek ń lépa. Huang Hua tẹ̀ lé e lọ gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Ìwé tí Snow kọ jáde ní 1937 ni ó kọ́kọ́ sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní òkè òkun irú ẹni tí àwọn Kọ́múníìsì Ṣáínà jẹ́. Iṣẹ́ ògbufọ̀ yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ikọ̀ fún Huang Hua, nítorí ògbufọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ bí a ti í gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìdà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ní oṣù kẹrin 1949, àwọn ọmọ ogun Mao rékọjá odò Yangtze, wọ́n sì gba Nanjing, olú-ìlú ìjọba Chiang Kai-shek. Ìjọba náà sá lọ sí ìhà gúúsù. Ẹni tí ó jẹ́ ikọ̀ Amẹ́ríkà ní ìlú náà ni Stuart, ọ̀gá Yenching àtijọ́, ẹni tí ìjọba rẹ̀ fi sí ipò náà ní 1946. Kò bá wọn sá. Nígbà tí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì sì ń wá ẹni tí yóò bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àjòjì ní Nanjing, Huang Hua ni wọ́n rán lọ.

Báyìí ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ṣe jókòó kọjú sí ara wọn ní oṣù karùn-ún 1949. Stuart fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba tuntun náà yóò bá ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ọ̀rẹ́. Huang Hua sọ ohun tí a rán an: bí Amẹ́ríkà bá ṣíwọ́ ríran Chiang Kai-shek lọ́wọ́, tí ó sì bá Ṣáínà lò gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ lè wà láti sọ. Ọjọ́ ìbí Stuart ń bọ̀ ní oṣù kẹfà, ó sì ti máa ń jẹ́ àṣà rẹ̀ láti lọ sí Yenching ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oṣù náà ń parí lọ, Huang Hua mú èsì wá pé bí ó bá fẹ́ lọ, àwọn olórí tí ń bẹ ní Beijing yóò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Inú àgbàlagbà náà dùn. Ó kọ̀wé sí Washington láti gba àyè. Èsì tí ó padà wá ni pé kò gbọdọ̀ lọ rárá. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, Stuart wọ ọkọ̀ òfúrufú, ó sì fi Ṣáínà sílẹ̀ títí láé.

Kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú sọ pé ìrìn àjò kan ṣoṣo ì bá yí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà padà. Mao ti sọ ní gbangba pé ọ̀dọ̀ Rọ́ṣíà ni Ṣáínà yóò fì sí, àwọn olórí Amẹ́ríkà náà sì ń bẹ̀rù ohun tí àwọn ará ilé wọn yóò wí. Ohun tí ó dájú ni pé kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà tí Ṣáínà àti Amẹ́ríkà fi ń ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ ní Kòríà. Ikọ̀ méjì tí wọ́n mọ èdè ara wọn, tí wọ́n sì mọ ilé ara wọn, jókòó pọ̀. Ṣùgbọ́n ikọ̀ kọ́ ni ó ni iṣẹ́. Ẹni tí ó rán an ni ó ni í.

Ní Kòríà yìí kan náà ni Huang Hua tún ti bá àwọn ará Amẹ́ríkà pàdé. Lẹ́yìn tí a fọwọ́ sí àdéhùn ìdáwọ́ ogun dúró ní oṣù keje 1953, ó jókòó ní Panmunjom níwájú Arthur Dean, aṣojú Amẹ́ríkà, láti ṣètò àpérò ńlá tí a fẹ́ fi parí ìjà náà. Ọ̀rọ̀ di líle, ohùn ròkè, nígbà tí ó sì di oṣù kejìlá, Dean dìde, ó kúrò níbẹ̀, kò sì padà. Ọfà ni ó ti inú apó jáde lọ́jọ́ náà. Ní 1955 Huang Hua bá Zhou Enlai, Olóòtú Ìjọba Ṣáínà, lọ sí àpéjọ Bandung ní ilẹ̀ Indonesia, níbi tí orílẹ̀-èdè 29 láti Éṣíà àti Áfíríkà ti pàdé láìsí àwọn òyìnbó amúnisìn láàrin wọn. Níbẹ̀ ni Ṣáínà ti rí i pé bí ilẹ̀kùn iwájú bá tì, ẹ̀yìnkùlé ṣì wà.

Gánà gba òmìnira ní 1957. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje 1960, ó bá Ṣáínà dá ìbáṣepọ̀ sílẹ̀, òun sì ni orílẹ̀-èdè kejì, lẹ́yìn Guinea, tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Huang Hua ni ikọ̀ àkọ́kọ́ tí Ṣáínà rán sí Accra. Ní oṣù kẹjọ 1961, Kwame Nkrumah lọ sí Beijing, àwọn ìjọba méjèèjì sì fọwọ́ sí àdéhùn ọ̀rẹ́.

Ìdánwò ọ̀rẹ́ náà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1964. Zhou Enlai ń rin ìrìn àjò káàkiri orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ní Áfíríkà, Gánà sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní, ọlọ́pàá kan yìnbọn sí Nkrumah ní Flagstaff House, ní Accra. Ọta kò ba Nkrumah, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àlejò ńlá náà kò ní wá mọ́. Zhou ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, àti pé kí Nkrumah má ṣe wá pàdé òun ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, kí ó má sì ṣe se àsè ní gbangba nítorí òun. Inú ilé olódi tí ó wà ní Osu, níbi tí ààbò wà, ni kí wọ́n ti rí ara wọn. Àlejò tí ó mọ ìwà kì í retí pé kí onílé gún iyán fún òun ní ọjọ́ tí òkú ń bẹ nílẹ̀. Ọjọ́ 11 ni Zhou dé, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ 16.

Ní Accra yìí, ní ọjọ́ 15 oṣù náà, ni Zhou ti kọ́kọ́ la ìlànà mẹ́jọ sílẹ̀ lórí bí Ṣáínà yóò ti máa ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́. Lára wọn ni pé Ṣáínà kò ní fi ìrànlọ́wọ́ gba àǹfààní kankan lọ́nà ẹ̀bùrú; pé owó àyálò rẹ̀ kò ní ní èlé, tàbí kí èlé náà kéré; pé ìrànlọ́wọ́ náà yóò jẹ́ kí ẹni tí a ràn lọ́wọ́ lè dá dúró; àti pé àwọn onímọ̀ tí ó bá rán wá kò ní jẹ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ lọ. Títí di òní ni a ń tọ́ka sí ìlànà wọ̀nyí nígbà tí a bá fẹ́ wọn ìṣe Ṣáínà ní Áfíríkà wò, ìbáà ṣe láti yìn ín tàbí láti bá a wí.

Ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ Ṣáínà ní Gánà kọ́ ni a ṣe ní ojú ọ̀sán. Àwọn olùkọ́ ogun láti Ṣáínà wà ní ibùdó ìkọ̀kọ̀ níbi tí Nkrumah ti ń kọ́ àwọn jagunjagun láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì 1966, àwọn ológun gba ìjọba Gánà, ní ọjọ́ tí Nkrumah gúnlẹ̀ sí Beijing gan-an. Àwọn ìjọba tuntun fi àṣírí àwọn ibùdó náà hàn fún gbogbo ayé, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ Ṣáínà lọ, nígbà tí ó sì di oṣù kẹwàá ọdún náà, ìbáṣepọ̀ já. Ohun tí a fi ọdún mẹ́fà kọ́ wó láàrin oṣù mélòó kan. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Nígbà yìí, Huang Hua ti di ikọ̀ ní Íjíbítì. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí rúgúdù tí Mao pè ní Ìyípadà Àṣà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáínà. Àwọn ọ̀dọ́ ń fa àwọn àgbà jáde láti dójú tì wọ́n, àwọn ilé-ìwé tì, wọ́n sì pe àwọn ikọ̀ Ṣáínà láti gbogbo ayé padà wá sílé. Nígbà tí ọdún 1967 fi ń parí lọ, Huang Hua nìkan ni ó kù ní ipò ikọ̀ ní òkèèrè, nínú gbogbo àwọn ikọ̀ Ṣáínà. Ní 1969 wọ́n pe òun náà. Ọkùnrin tí ó ti bá àwọn olórí ìjọba jẹun di ẹni tí a rán lọ sí ìgbèríko láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro oko. Kò sí ìwé ìtàn tí ó sọ pé ó bínú fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ṣáínà àti Rọ́ṣíà ti di ọ̀tá, wọ́n sì ti yìnbọn sí ara wọn ní ààlà ilẹ̀ wọn ní 1969. Mao bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà Amẹ́ríkà. Ní oṣù keje 1971, Henry Kissinger yọ́ wọ Beijing láìjẹ́ kí ayé mọ̀, láti ọjọ́ 9 títí di ọjọ́ 11. Wọ́n ti gbé Huang Hua padà láti ìgbèríko. Òun ni ó jókòó pẹ̀lú Kissinger láti tò ọ̀rọ̀ ìkéde tí yóò sọ fún aráyé pé ààrẹ Amẹ́ríkà, Richard Nixon, ń bọ̀ wá sí Ṣáínà. Ọdún 22 ti kọjá láti ìgbà tí Stuart ti wọ ọkọ̀ òfúrufú. Iṣẹ́ tí ó já ní ọwọ́ olùkọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ so padà.

Ní ọdún yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ Áfíríkà tún wọ inú ìtàn rẹ̀. Láti 1949, ìjọba Chiang Kai-shek tí ó ti sá lọ sí erékùṣù Taiwan ni ó ń jókòó sí àyè Ṣáínà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 1971, a dìbò: 76 ní ó ní kí a fún Beijing ní àyè náà, 35 kọ̀, 17 kò dá sí i. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà 26 ni ó wà nínú àwọn 76 náà. Kì í ṣe gbogbo Áfíríkà ni ó fi ohùn sí i. Dahomey, tí ó ń jẹ́ Benin lónìí, wà lára àwọn tí ó kọ̀. Ṣùgbọ́n ìbò mẹ́ta kan yẹ ní ìrántí. Togo dìbò fún Beijing nígbà tí kò tíì bá a ní ìbáṣepọ̀ rárá. Nàìjíríà dìbò fún un, bẹ́ẹ̀ ni Ṣáínà ti sọ̀rọ̀ ní gbangba láti gbe Biafra lẹ́yìn nígbà ogun abẹ́lé. Ọjọ́ 10 oṣù kejì 1971 ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìbáṣepọ̀ sílẹ̀. Gánà pẹ̀lú dìbò fún un, ó sì jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ikọ̀ Ṣáínà ní Accra ti wà ní títì láti ọdún 1966.

Kì í ṣe Huang Hua nìkan ni ó so èso yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ìjọba ni ó ti rí i pé ẹ̀tàn ni láti máa sọ pé Ṣáínà kò sí. Síbẹ̀, àwọn olórí Ṣáínà kò fi í pamọ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Áfíríkà ni wọ́n gbé àwọn wọlé. Huang Hua, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ikọ̀ àkọ́kọ́ ní Kánádà, ni a tún sáré gbé lọ sí New York láti di aṣojú Ṣáínà títí lọ nínú Àjọ náà. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ààbò ṣe ìpàdé rẹ̀ ní Addis Ababa ní ìbẹ̀rẹ̀ 1972, èyí tí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ó jókòó ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún náà, Gánà àti Ṣáínà tún ìbáṣepọ̀ wọn ṣe.

Iṣẹ́ ikọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ dídùn nìkan. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 1972, Huang Hua lo agbára tí orílẹ̀-èdè márùn-ún péré ní, èyí tí ìbò kan ṣoṣo fi lè dá ìpinnu Ìgbìmọ̀ Ààbò dúró. Ohun tí ó fi dènà ni wíwọlé Bangladesh, orílẹ̀-èdè tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ogun àti ìyà ńlá jáde, nítorí pé Pakistan jẹ́ ọ̀rẹ́ Ṣáínà. Ṣáínà tí a ti pa mọ́ ìta fún ọdún púpọ̀ ni ó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn. Ọdún 1974 ni Bangladesh tó wọlé. Iṣẹ́ ẹrú ni èyí pẹ̀lú, Huang Hua sì jẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí a ti rán an. Níbi yìí ni òwe àwọn àgbà ti le jù: ọmọlúwàbí lè tún iṣẹ́ tí a rán an ṣe ní ẹnu, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà bá korò láti ilé, kò sí oyin tí ó lè mú un dùn fún ẹni tí a jẹ́ ẹ fún.

Mao kú ní oṣù kẹsàn-án 1976. Ní oṣù kejìlá, Huang Hua di Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1978, òun àti Sonoda Sunao, mínísítà Japan, fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà àti ọ̀rẹ́. Ọwọ́ tí ó ti gbé àsíá lòdì sí Japan ní 1935 ni ó fi bọ ìwé náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1979, Ṣáínà àti Amẹ́ríkà di ọ̀rẹ́ ní kíkún. Ní oṣù kọkànlá 1982, ó lọ sí Moscow fún ìsìnkú Leonid Brezhnev, ó sì bá Andrei Gromyko, mínísítà Rọ́ṣíà, sọ̀rọ̀ lójúkojú lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Bí ó ti padà dé ni ó fi ipò náà sílẹ̀.

Huang Hua kú ní Beijing ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 2010, lẹ́ni ọdún 97. Ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2008, a gbé eérú òkú John Leighton Stuart, tí ó ti kú ní Washington láti 1962, padà wá sí Hangzhou, a sì sin ín sí ìlú tí a bí i sí. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà délé.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìgbésí ayé yìí fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ń rán ikọ̀ jáde kò ṣòro láti rí. Ikọ̀ rere lè pa ojú ọ̀nà mọ́ kí igbó má bàa dí i. Kò lè fi ipá mú ẹni tí ó rán an rìn ín. Ohun tí Huang Hua ṣe ní Accra wó lójú rẹ̀, ohun tí ó ṣe ní Nanjing kò so èso, síbẹ̀ a kò lè sọ pé òfo ni méjèèjì, nítorí pé nígbà tí àkókò tó, àwọn kan ṣì rántí ọ̀nà. Àwọn tí ó ń ránni níṣẹ́ ni kí ó bẹ̀rù jù: kí wọ́n má ṣe fi ọlá ara wọn ti ilẹ̀kùn tí yóò gba ìran kan gbáko kí a tó rí i ṣí.